Tráfíkétọ̀ Honda Bàbá mi ò ṣẹ́jú mọ́, wáyà ti ń jó, ẹ gbà mí!

Ọmọ Ojúẹlẹ́gbà, Manchester
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ta ló mọ̀ nípa iná alùpùpù àtijọ́ nínú yín, ẹ jọ̀ọ́? Súrùlérè ni mo wà báyìí, nílé Bàbá mi. Mo gbé Honda CG 125 tí wọ́n ti ń gùn látayé Ṣàgárí jáde lábẹ́ tápólì. Ọjọ́ ìbí wọn di Sátidé, wọ́n ní dandan ni kí àwọn jókòó lé e ya fọ́tò, kí gbogbo iná ẹ̀ sì máa ṣiṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì dáhùn, iná iwájú tàn gbòò. Tráfíkétọ̀ òsì kàn ń pọ́n fẹẹrẹ ni, kò ṣẹ́jú. Ti ọ̀tún ò tan rárá. Àbúrò mi bá tú iná iwájú, ó rí wáyà dúdú kan tó já, ó ní ti bọ́dì ni, ìyẹn èyí tí iná ń gbà padà sí bátìrì, ló bá fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ férémù. Bí mo ṣe ṣí kọ́kọ́rọ́ báyìí, èéfín yọ lábẹ́ táǹkì! Òórùn rọ́bà tó ń jó gba gbogbo ilé. Ní báyìí họ́ọ̀nù ò dún, iná bíréèkì ò tan, tráfíkétọ̀ ti kú pátápátá. Àyà mi ń já. Bàbá wà nínú yàrá, wọn ò tíì mọ̀.

Bọ̀dá Birmingham
Tú bátìrì kó o tó ka ohunkóhun mìíràn! Ẹsẹ̀ negative ni kó o kọ́kọ́ tú. Epo wà nínú táǹkì yẹn.

Ọmọ Ojúẹlẹ́gbà, Manchester
Mo ti tú u, ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Bọ̀dá Birmingham
O káre. Fọkàn balẹ̀. Lára Honda, dúdú kì í ṣe bọ́dì. Gíríìnì ni bọ́dì. Inú dúdú ni iná bátìrì ń gbà lọ síbi gbogbo tó o bá ti ṣí kọ́kọ́rọ́. Iná gan-an ni àbúrò ẹ mú, tó fi kanlẹ̀. Èmi náà ṣe é rí lórí Honda kan tí mo rà ní Wolverhampton. Látabẹ́ ìjókòó dé iwájú ni wáyà ti yọ́ mọ́ra wọn. Owó tí mo fi ra okùn wáyà tuntun fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí mo fi ra alùpùpù náà.

Ẹ̀gbọ́n Houston
Ẹ dákun, ẹ má tíì dá ọmọ yẹn lẹ́bi. Dúdú ni bọ́dì. Nígbà tí mo wà ní Yaba Tech, Yamaha ni mò ń gùn, èmi fúnra mi ni mo sì ń tún un ṣe. Dúdú ni mo ń dè mọ́ férémù, kò jó rí. Bátìrì fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ṣebí dúdú ni negative?

Bọ̀dá Birmingham
Ẹ̀gbọ́n, èrò yẹn gan-an ló ná mi lówó. Ọmọ náà ní Honda ni, ẹ̀ ń sọ ti Yamaha.

Ẹ̀gbọ́n Houston
Ará Japan kan náà ló ṣe méjèèjì. Báwo ni wọ́n á ṣe máa fi àwọ̀ kan náà ṣe ohun méjì tó lòdì síra?

Ọmọ Rìwáyà, Tóróńtò
Ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n, kò sì yé mi dòní ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Ti Yamaha, dúdú ni bọ́dì, búráùn ni iná tó ti ìdí kọ́kọ́rọ́ jáde. Ti Honda, gíríìnì ni bọ́dì, dúdú ni iná. Suzuki tún ní tiẹ̀: dúdú tó ní ìlà funfun lára ni bọ́dì, àwọ̀ ọsàn ni iná. Ṣọ́ọ̀bù rìwáyà Bàbá mi ní Mushin ni mo dàgbà sí. Wọn kì í jẹ́ kí ọmọọṣẹ́ fọwọ́ kan wáyà kankan àfi tó bá kọ́kọ́ dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe máṣìnì náà.

Ẹ̀gbọ́n Houston
Mo gbà fún ẹ lórí Honda tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí. Ṣùgbọ́n èyí ti wà ní Súrùlérè látayé Ṣàgárí! Ìwọ náà mọ̀ pé rìwáyà tó bá fẹ́ pààrọ̀ wáyà, èyí tó bá wà nílẹ̀ ló máa fi sí i. Pupa lè di bọ́dì, gíríìnì lè di họ́ọ̀nù.

Ọmọ Rìwáyà, Tóróńtò
Ibẹ̀ yẹn lẹ ti bá òótọ́ pàdé. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kéèyàn gba ojú gbọ́. Àbúrò, tó bá yá tó o so bátìrì padà, wá gílóòbù kékeré kan, so wáyà méjì mọ́ ọn. Fi ẹsẹ̀ kan sí positive bátìrì, fi ìkejì kan wáyà tí kò dá ẹ lójú. Kí kọ́kọ́rọ́ wà ní pípa o. Tí gílóòbù bá tàn gidi, wáyà yẹn dé bọ́dì. Àmọ́ tó bá ní gílóòbù mìíràn lẹ́yìn, á pọ́n díẹ̀, má jẹ́ kó tàn ẹ́ jẹ.

Ìbéèrè mi ni pé, kí ló dé tí fíúsì ò fi já kí wáyà tó jó? Ṣí ilé fíúsì wò. Ìdí bátìrì ló wà, onígò ni.

Ọmọ Ojúẹlẹ́gbà, Manchester
Àǹtí, mo ti ṣí i. Fíúsì wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ bébà dídán inú páálí sìgá ni wọ́n wé mọ́ ọn látorí dé ìdí. Ó ti jó dúdú.

Ìyá Ìbejì, Dublin
Háà! Olúwa ló yọ yín. Báyìí ni ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣe gbiná ní Ṣómólú, tó jó mọ́ ògiri ilé onílé. Bébà sìgá kì í já. Wáyà ló máa kọ́kọ́ jó kí òun tó jó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra fíúsì gidi, iye tí wọ́n kọ sára ti tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà, ẹ má fi kún un.

Ọmọ Rìwáyà, Tóróńtò
Gbọ́, àbúrò. Má so bátìrì padà títí tó o fi máa tú téèpù ara okùn wáyà abẹ́ táǹkì. Fọwọ́ rìn ín díẹ̀díẹ̀. Ibi tó bá le gbagidi tàbí tó lẹ̀ mọ́ èkejì, gé e kúrò, kó o pààrọ̀ ẹ̀.

Ohun kan tún wà. Pé ẹ́ńjìnnì dáhùn, pé iná iwájú tàn, kò sọ nǹkan kan fún ẹ nípa bátìrì. CG àtijọ́, ara máńgínẹ́ẹ̀tì, ohun tó ń pèsè iná bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí, ni méjèèjì ti ń jẹun. Tráfíkétọ̀, họ́ọ̀nù àti iná bíréèkì ló ń lo bátìrì. Ìdérí mélòó ló wà lórí bátìrì yẹn, tí wọ́n ń gbà bu omi sí i? Kí ni wọ́n sì kọ sídìí gílóòbù tráfíkétọ̀?

Ọmọ Ojúẹlẹ́gbà, Manchester
Ìdérí mẹ́ta. Gílóòbù, 12V 21W ni wọ́n kọ sí i. Àbúrò mi rà wọ́n ní ọjà Ládipọ̀ lánàá.

Ọmọ Rìwáyà, Tóróńtò
A ti mú ọ̀kan. Ìdérí mẹ́ta, 6V ni bátìrì yín. Gílóòbù 12V lórí 6V, á kàn pọ́n ni. Fláṣà àtijọ́ yẹn, ohun tó ń mú tráfíkétọ̀ ṣẹ́jú, irin pẹlẹbẹ kan ló wà nínú ẹ̀ tó máa ń gbóná tí iná bá gbà á kọjá. Tó bá gbóná á tẹ̀, iná á kú. Tó bá tutù á padà, iná á tàn. Iná tí gílóòbù yín ń fà ò tó láti mú un gbóná, ìyẹn ni ò ṣe ṣẹ́jú. Ẹ wá gílóòbù 6V.

Ará Ìsàlẹ̀ Èkó, Peckham
Èwo ni wàhálà 6V? LED ni kó o rà, ó mọ́lẹ̀, kì í jẹ iná.

Ọmọ Rìwáyà, Tóróńtò
Bọ̀dá mi, ẹ má rán an níṣẹ́ yẹn. Tí gílóòbù 12V ò bá fa iná tó, mélòómélòó LED. Àfi kó tún ra fláṣà onílẹ́tíróníìkì. Bó bá sì rà á, wàhálà kejì ń dúró dè é: iná kékeré kan ṣoṣo ló wà lójú míítà fún ọ̀tún àti òsì. Inú gílóòbù ẹ̀gbẹ́ kejì ni iná kékeré yẹn ń gbà dé bọ́dì. Ìwọ̀nba tó ń gba ibẹ̀ kọjá ò lè tan gílóòbù gidi, àmọ́ ó tó LED tàn. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á wá máa ṣẹ́jú pọ̀, ẹ ò ní mọ ibi tí onítọ̀hún fẹ́ yà sí.

Bọ̀dá Birmingham
Ó ṣẹlẹ̀ sí aládùúgbò mi. Níbí tiẹ̀, tí tráfíkétọ̀ ò bá ṣẹ́jú tó 60 láàárín ìṣẹ́jú kan, tàbí tó bá ju 120 lọ, wọn ò ní fún ẹ ní MOT, ìwé àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún. Mo ti rí ẹni tí wọ́n dá padà sílé nítorí fláṣà tí kò tó nǹkan.

Láti mọ̀ bóyá fláṣà ti kú, yọ wáyà méjì tó wà nídìí ẹ̀, dúdú àti àwọ̀ eérú, so wọ́n pọ̀. Ti súìṣì sápá kan. Tí iná bá tàn dúró gbọin, súìṣì àti gílóòbù ṣì dára, fláṣà ló kú.

Ọmọ Ojúẹlẹ́gbà, Manchester
Ẹ ṣeun gan-an. Ti ọwọ́ ọ̀tún tí kò tan rárá ńkọ́?

Ọmọ Rìwáyà, Tóróńtò
Ti ọ̀tún, wáyà búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ni kó o tẹ̀ lé. Òsì ni àwọ̀ ọsàn. Ó lè jẹ́ inú súìṣì, ó lè jẹ́ bọ́dì ìdí ọ̀pá tráfíkétọ̀ ló ti dípẹtà. Tó o bá fẹ́ ṣí súìṣì, ki ọwọ́ méjèèjì àti súìṣì bọ inú ọ̀rá tó mọ́ gaara kó o tó tú síkúrù. Bọ́ọ̀lù irin kan wà nínú ẹ̀, kò ju ẹyọ ọkà bàbà lọ, sípíríìnì ló sì tì í. Bó o bá ṣí i ní gbangba, á fò, o ò ní rí i mọ́ láéláé. Bàbá mi ti ní kí gbogbo ọmọọṣẹ́ kúnlẹ̀ wá a nílẹ̀ rí títí ilẹ̀ fi ṣú. Wàá rí kọ́pà pẹlẹbẹ méjì tó ti hu àwọ̀ ewé. Fi sáńpépà tó kúnná rà á lára jẹ́jẹ́ títí á fi dán, kó o fi gíríìsì díẹ̀ sí i. Má lo kẹrosíìnì, ó máa ń fi ọ̀rá sílẹ̀ lójú kọ́pà.

Ìyá Ìbejì, Dublin
Tí ẹ bá tún un ṣe tán, kí Bàbá má gùn ún jáde géètì o. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2022 ni wọ́n ti fòfin de ọ̀kadà ní Súrùlérè, òun àti Íkẹjà, Àpápá, Ẹtí-Ọ̀sà, Lagos Mainland àti Lagos Island. Kí wọ́n má lọ gbé máṣìnì àgbàlagbà pọ̀ mọ́ tàwọn ọlọ́kadà, kí wọ́n rún un mọ́lẹ̀.

Ọmọ Ojúẹlẹ́gbà, Manchester
Wọn ò ní jáde, mà. Inú ọgbà náà ni. Òun ni wọ́n gùn lọ síbi iṣẹ́ ní Marina lójoojúmọ́ ayé, wọ́n á gba orí afárá Carter kọjá, èmi á jókòó síwájú lórí táǹkì tí wọ́n bá fẹ́ já mi sílé ẹ̀kọ́.

Ará Ìsàlẹ̀ Èkó, Peckham
Marina! Ohun tó ba bọ́dì tráfíkétọ̀ yẹn jẹ́ nìyẹn. Atẹ́gùn ọ̀sà ti fi iyọ̀ jẹ ẹ́. Ẹ̀yin ará Mainland ò mọ̀ pé irin àwa ará Island le ju tiyín lọ, ó ti bá iyọ̀ jìjàkadì láti kékeré.

Ẹ̀gbọ́n Houston
Irin wo? Ṣebí Yábàá lẹ̀ ń gbé ọkọ̀ yín wá tún ṣe! Ẹ lọ́jà, ẹ ní báńkì, àmọ́ Mainland ni mẹkáníìkì wà.

Ará Ìsàlẹ̀ Èkó, Peckham
Àwa la ni Èkó, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin ẹ wà lẹ́yìn odi. Nígbà tí Ẹ̀yọ̀ bá jáde, ibo lẹ ń sáré gbà wá?

Ọmọ Rìwáyà, Tóróńtò
Tó bá jẹ́ ti iyọ̀, ẹ wá wo Tóróńtò. Gbogbo ìgbà òtútù ni wọ́n ń da iyọ̀ sójú títì níbí. Mo ti rí wáyà bọ́dì tó di ìyẹ̀fun lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n Houston
Ẹ máa bọ̀ ní Houston. A ò mọ iyọ̀, a ò mọ yìnyín. Ooru wa bá ti Èkó dọ́gba, ẹ tún lè jẹ ẹ̀wà agánńyìn ní Bissonnet bí ẹni pé Ojúẹlẹ́gbà lẹ wà.

Ará Ìsàlẹ̀ Èkó, Peckham
Ẹ̀wà agánńyìn láìsí búrẹ́dì Àgége? Ọ̀nà Rye Lane ni kẹ́ ẹ gbà bọ̀, ẹ̀ bá jẹun kú.

Ọmọ Ojúẹlẹ́gbà, Manchester
Mo jẹ ẹ́ láàárọ̀ yìí, ìyá tó ń tà á ṣì ń gbé e sórí kiri ní àdúgbò wa. Ohùn ìpolówó ẹ̀ ló jí mi. Ó wu mí kí n má padà mọ́.

Bọ̀dá Birmingham
Má sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Oṣù kejìlá tó kọjá ni mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ ò jẹ́ kí n lọ. Bá mi kí Bàbá, sọ fún wọn pé ará Birmingham kan ní kí wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ ọdún láyé.

Ọmọ Rìwáyà, Tóróńtò
Àbúrò, ṣé o ti rí wáyà búlúù yẹn? Ya fọ́tò ìdí ọ̀pá ọ̀tún fún mi, kí n rí bóyá wọ́n fi rọ́bà sí i láàárín òun àti férémù.

Ìyá Ìbejì, Dublin
Nígbà tẹ́ ẹ ti dárúkọ búrẹ́dì, ẹ jọ̀ọ́, àbúrò mi ń bọ̀ láti Èkó ní ọjọ́ Ajé, ó ń kó Àgége bọ̀ fún mi. Báwo lẹ ṣe ń tọ́jú tiyín nínú fírísà tí kì í fi í gbẹ?

Ará Ìsàlẹ̀ Èkó, Peckham
Gé e kó o tó gbé e wọlé, kó o fi ọ̀rá wé e ní ìdì kéékèèké. Tó bá ti dì tán, ọ̀bẹ ò ní wọ̀ ọ́.