Bí agbára kì í bá parun, kí ni mo ń fi owó epo rà lójoojúmọ́?

Tẹ́lọ̀, Òṣogbo:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi gbogbo. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ kan sì ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ẹnì kan nínú àwa mẹ́jọ tí a jọ ń dá àjọ mú ọkùnrin kan wá bá wa, ẹni tí ó ní òun ń ta ẹ̀rọ amúnáwá tí kì í mu epo rárá. Gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ṣàlàyé rẹ̀, bátìrì kan ni yóò kọ́kọ́ ta mọ́tò jí, mọ́tò náà yóò máa fi bẹ́líìtì yí kọ́ìlì amúnáwá, kọ́ìlì yóò sì máa dá iná padà fún mọ́tò, síbẹ̀ a ó tún rí iná tó ṣẹ́ kù lò nínú ṣọ́ọ̀bù. Àjọ oṣù mẹ́ta gbáko ni ó ń béèrè.

Ohun tó rú mi lójú ni pé ọmọ mi tó wà ní SS2 ka ìwé físíìsì rẹ̀ sí mi létí pé a kò lè dá agbára, a kò sì lè pa á run, ṣe ni ó kàn ń pa ara dà. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ọkùnrin náà fi ń polówó ọjà rẹ̀. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí agbára kì í ti í parun, kí ló dé tí a kò ní máa yí i po? Mo ronú títí, n kò rí èsì fún un. Bí ìwé bá sọ òtítọ́, kí wá ni mò ń rà ní ilé epo láràárọ̀, níbo sì ni èyí tí mo rà lánàá wà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, ìwé mi kò kọjá JSS3.

Adì-mọ́tò, Ìbàdàn:

Ọ̀gá Tẹ́lọ̀, ẹ di owó yín mú ṣinṣin. Iṣẹ́ tèmi ni kí n tú mọ́tò àti kọ́ìlì tó bá ti jóná, kí n sì fi wáyà tuntun dì í, n kò sì tíì dì ọ̀kan rí tí kì í gbóná bó bá ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá ti tan án, àtẹ́lẹwọ́ ni mo máa ń gbé lé ara irin rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ yóò ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó bá fi máa tó ìdajì wákàtí, ẹ ó ti máa yára mú ọwọ́ kúrò, bí bíárìn rẹ̀ bá sì ti gbẹ, òórùn fáníṣì tó ń jó ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Ooru yẹn kò wá lọ́fẹ̀ẹ́, ara iná tí ẹ fún un ni ó ti bù ú. Bẹ́líìtì ń gba tirẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gba tirẹ̀, ariwo pàápàá ń gba tirẹ̀.

Ká ní mọ́tò náà dára débi pé nínú 100 tí ẹ fún un, ó fi 80 yí bẹ́líìtì. Ká ní kọ́ìlì náà dára bákan náà, 64 ni yóò sọ di iná nínú 80 yẹn. Ọ̀gá, 64 yìí ni ẹ fẹ́ dá padà fún mọ́tò tó ń béèrè 100, tí ẹ tún fẹ́ fi lọṣọ! Ní ìyípo kejì yóò ku bí 41, ní ìkẹta bí 26. Bátìrì ni ohun tó ń mú un ṣiṣẹ́ lójú yín, yálà èyí tí ẹ rí tàbí èyí tí wọ́n tì sábẹ́ àpótí.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Abẹ́òkúta:

Àbúrò mi ti dáhùn ọ̀rọ̀ owó, ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè kejì, nítorí òun ni ó dùn mọ́ mi jù. Òtítọ́ ni ìwé ọmọ yín sọ, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni.

Ní nǹkan bí ọdún 1840 sí 1850, James Joule, tí wọ́n bí sí ìdílé apọntí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi okùn so ohun tó wúwo kọ́, ó jẹ́ kí ó máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ó sì máa yí abẹ̀bẹ̀ kan tó ń ro omi nínú agolo, ó sì rí i pé omi náà gbóná sí i. Kò gbóná púpọ̀ o. Kí lítà omi kan tó fi dígírì kan ṣoṣo gbóná sí i, yóò gba bíi 4,200 joule, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi orúkọ ọkùnrin náà pè. Bí ẹ bá gbé àpò ìrẹsì 50 kìlógíráàmù gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ga ní mítà 10, agbára tí àpò náà gbà kò ju nǹkan bí 4,900 joule lọ, èyí tí kò lè mú lítà omi yẹn gbóná ju dígírì kan àti díẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi máa ń rò pé agbára ti parun: ó ti di ooru tí ó kéré ju ohun tí ọwọ́ lè mọ̀.

Ẹ wá wo iyọ̀ tó dà sínú odò Ọ̀ṣun. Kò sí hóró kan tó parun nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò bu omi odò náà sínú ọbẹ̀ kí iyọ̀ rẹ̀ lè tó? Bí ọ̀rọ̀ agbára inú epo ṣe rí gan-an nìyẹn. Lítà bẹntiróòlù kan ní bíi yúníìtì 9 nínú, irú yúníìtì kan náà tí ẹ ń rà sínú mítà, ṣùgbọ́n amúnáwá kékeré kì í sábà fún yín ju ọ̀kan sí méjì lọ níbẹ̀. Ìyókù ti gba ẹnu sálẹ́ńsà àti ara irin rẹ̀ lọ, èyí tí ẹ lò pàápàá sì ń di ooru nígbẹ̀yìn, nítorí ògiri ni ìmọ́lẹ̀ gílóòbù yín ń lọ mú móoru. Agbára tó ṣù jọ ni ẹ ń rà ní ilé epo, ìṣùjọ yẹn ni ẹ sì ń ná tán. Sadi Carnot ará Faransé ti fi hàn láti ọdún 1824 pé ìgbà tí ooru bá ń ti ibi gbígbóná lọ sí ibi tó tutù jù ú lọ nìkan ni ẹ̀rọ lè rí iṣẹ́ gbà lára rẹ̀, kò sì ní rí gbogbo rẹ̀ gbà.

Onírònú, Àkúrẹ́:

Mo bọ̀wọ̀ fún Bàbá Tíṣà, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ṣé kì í ṣe àwọn ọ̀mọ̀wé yìí náà ni wọ́n sọ nígbà kan pé irin kò lè fò? Sólà tó wà lórí òrùlé mi kì í mu epo, ó sì ń tan iná.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Abẹ́òkúta:

Bàálúù ń jó epo, ọmọ mi, àjóyó sì ni. Kò rú òfin kankan. Ní ti ẹ̀rọ tó ń fi ara rẹ̀ ṣe oúnjẹ ara rẹ̀, láti ọdún 1775 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Paris ti pinnu pé àwọn kò ní yẹ irú rẹ̀ wò mọ́, nítorí èyí tí àwọn ènìyàn gbé wá ti sú wọn. Ní ti sólà, oòrùn ni ó ń san owó epo yẹn. Ní ọ̀sán gangan tí ojú ọ̀run mọ́, bíi 1,000 wáàtì ni oòrùn ń dà sórí mítà kan níbùú lóròó, pánẹ́ẹ̀lì dáadáa sì ń sọ bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ di iná.

Oníbátìrì, Èkó:

Ẹ̀gbọ́n Tẹ́lọ̀, ẹ má bá ọkùnrin náà jiyàn. Ẹ gbé áyọ́ọ̀nù 1,000 wáàtì lọ bá a, kí ó yọ bátìrì kúrò lẹ́yìn tí ẹ̀rọ náà bá ti jí, kí ẹ sì jókòó tì í láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bátìrì 12 fóòtì tó jẹ́ 100Ah, bí ó tilẹ̀ jẹ́ tuntun, yúníìtì kan àti díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, áyọ́ọ̀nù yẹn yóò sì gbẹ ẹ́ ní nǹkan bí wákàtí kan.

Tẹ́lọ̀, Òṣogbo:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo gbé áyọ́ọ̀nù mi dání lọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó ní áyọ́ọ̀nù máa ń ba ẹ̀rọ náà nínú jẹ́, gílóòbù ni kí n fi dán an wò. Mo ní kí ó ṣí abẹ́ àpótí rẹ̀, ó ní àṣírí iṣẹ́ ni. Àwa mẹ́fà ti yọ owó wa, àwọn méjì kò gbà, ẹni tó mú un wá kì í sì í kí mi dáadáa mọ́.

Mo rán ṣòkòtò jíìnsì mẹ́ta léra wọn lálẹ́ àná, mo sì fi ìka kan abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ, mo tètè fà á padà ni. Epo tí mo rà láàárọ̀ nìyẹn! Ọmọ mi ní kí n bi Bàbá Tíṣà pé bí abẹ́rẹ́ náà bá tutù tán, níbo ni ooru rẹ̀ ń lọ?

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Abẹ́òkúta:

Ẹ bá mi kí i. Yóò wọ inú afẹ́fẹ́ ṣọ́ọ̀bù, yóò gba ojú fèrèsé jáde, bó bá sì di òru, ilẹ̀ àti òrùlé àti afẹ́fẹ́ yóò máa ta á sókè sí òfuurufú ní irú ìtànṣán tí ojú kò lè rí, títí yóò fi kúrò ní ayé.