Ilé, Iná Igbó àti Ìjọba Ìbílẹ̀ ní British Columbia, Ìpínlẹ̀ Kan ní Kánádà: Kí Kálukú Sọ Ohun Tí Ojú Rẹ̀ Rí

Ìyá Ìbejì, Kelowna

Màjàlà ni mo kọ́kọ́ rí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 2023, mo jáde lọ ká aṣọ àwọn ọmọ lórí okùn, mo sì bá eérú dúdú wẹ́wẹ́ lára wọn, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe máa ń fò wọ àgbàlá wa ní Ìsẹ́yìn nígbà tí àwọn ọdẹ bá ń sun pápá lọ́yẹ́. Ẹ̀rù kò bà mí tó bó ṣe yẹ, nítorí pé orí òkè West Kelowna ni iná tí wọ́n pè ní McDougall Creek ti ń jó láti ọjọ́ 15, adágún Okanagan sì wà láàárín àwa àti òun. Ẹni tí wọ́n fi "omi ni í pa iná" tọ́ dàgbà ni mí. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé iná lè rékọjá omi. Ní òru ọjọ́ náà, afẹ́fẹ́ gbé ẹyin iná sọdá adágún, igbó tó wà lápá ọ̀dọ̀ wa sì gbaná.

Ní gbọ̀ngàn tí wọ́n ní kí a ti lọ forúkọ sílẹ̀, àwọn ará ìlú tó yọ̀ǹda ara wọn láìgba kọ́bọ̀ ló jókòó sídìí tábìlì. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ń kó wọn jọ, ìjọba ìpínlẹ̀ ló sì ń san owó oúnjẹ àti ibùsùn fún wákàtí 72 àkọ́kọ́. Ìyá àgbàlagbà kan kọ ìwé tí mo lè fi gba yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì fún mi, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, torí pé òun náà kò mọ̀ bóyá ilé òun ṣì wà. Mo pe hòtẹ́ẹ̀lì mọ́kànlá. Àwọn tó wá gbafẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn ló kún ibẹ̀. Ọjọ́ 18 ni ìjọba ìpínlẹ̀ kéde pàjáwìrì, ọjọ́ 19 ni wọ́n tó pàṣẹ pé kí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ má gba yàrá mọ́ ní Kelowna, Penticton, Vernon àti ìlú mélòó kan mìíràn, kí àwa tí iná lé àti àwọn panápaná lè ríbi sùn. Nígbà náà, iye àwọn tí wọ́n ti ní kí wọ́n filé sílẹ̀ káàkiri ìpínlẹ̀ ti lé ní 30,000, èmi àti àwọn ìbejì sì ti wà lórí tìmùtìmù nínú pálọ̀ ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Vernon.

Ilé tí mo ń gbé kò jó, síbẹ̀ iná ló lé mi kúrò nínú rẹ̀. Nǹkan bí 190 ojúlé ni iná náà jó tàbí bà jẹ́ ní West Kelowna, Kelowna àti ilẹ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Kánádà ní Westbank, ti ọmọ onílé mi sì wà lára wọn. Oṣù kan lẹ́yìn tí a padà wálé, bàbá náà fún mi ní ìwé oṣù méjì pé kí n jáde, kí ọmọ òun lè wọlé. Òfin ìgbà náà fún un láyè bẹ́ẹ̀, n kò sì lè bá a jà, torí pé bó bá jẹ́ èmi ni, ọmọ mi ni màá kọ́kọ́ fún nílé. Ṣùgbọ́n níbo ni kí n lọ? Mo lọ sí ìpàdé kan tí àwọn kánsẹ́lọ̀ pe àdúgbò wa sí, mo bi wọ́n nípa òfin ayálégbé, nípa owó ìrànwọ́ àti nípa àwọn ilé tí wọ́n ń fi gbàlejò ọlọ́jọ́ díẹ̀ lórí Airbnb nígbà tí àwọn ará ìlú ń wá yàrá kiri. Gbogbo ìdáhùn ló ń parí sí Victoria, níbi tí ìjọba ìpínlẹ̀ wà. Kánsẹ́lọ̀ kan wá sọ fún mi pé kí n kọ ọ́ sílẹ̀, pé àwọn lè gbé e lọ sí ìpàdé oṣù kẹsàn-án. Ta ló mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ gan-an?

Awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù, Merritt

Ẹ kú ewu, ìyá wa, ẹ kú orí ire. Mo fẹ́ kí ẹ rántí Lytton. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2021, ooru ibẹ̀ dé ìwọ̀n 49.6 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí ní gbogbo Kánádà. Ní ọjọ́ kejì, iná jó ìlú náà, ènìyàn méjì sì kú. Nígbà tí mo yà síbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ọ̀nà, ohun tó dá mi dúró ni àkàsọ̀ sìmẹ́ńtì mẹ́ta kan tó gòkè lọ síbi tí ilẹ̀kùn wà tẹ́lẹ̀, tí kò sì sí ilé kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ó lé ní ọdún méjì tí ibẹ̀ fi rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ àtayébáyé àwọn Nlaka'pamux, ẹ̀yà ọmọ ìbílẹ̀ kan, ni, òfin ìpínlẹ̀ sì ní kí àwọn onímọ̀ ìwalẹ̀ yẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀. N kò sọ pé òfin náà burú. Egungun àwọn baba ńlá ènìyàn kì í ṣe nǹkan tí a ń fi kátakátá wú. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ìlú kékeré tí ọ́fíìsì tirẹ̀ náà jóná kò lágbára láti yí ìlà kan padà nínú òfin náà.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, àfonífojì Okanagan

Ìyá Ìbejì, n kò ní dárúkọ ìlú tí mo ń bá ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n mo ti bá wọn lọ sí ìpàdé tí ẹ ń bèèrè náà. Ẹgbẹ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní British Columbia, UBCM, tí wọ́n dá sílẹ̀ láti ọdún 1905, ló ń pè é. Ìgbìmọ̀ ìlú á kọ àbá, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé e fún ẹgbẹ́ ẹkùn wọn nígbà ìrúwé, wọ́n á wá dìbò lé e lórí nínú oṣù kẹsàn-án, UBCM á sì fi í ránṣẹ́ sí ìjọba ìpínlẹ̀, tí yóò kọ èsì. Èsì ni mo wí, n kò wí pé owó. Lọ́dún 2023, Vancouver ni ìpàdé náà ti wáyé, oṣù kan péré lẹ́yìn iná yín, nítorí náà ọ̀rọ̀ iná ló gba ẹnu gbogbo ènìyàn títí dé orí ìlà ibi tí a ti ń gba kọfí.

Yàtọ̀ sí ìbò, olórí ìlú lè rí mínísítà fún ìṣẹ́jú 15. Oṣù mẹ́ta ni mo fi múra ìṣẹ́jú 15 náà. Àwọn ilé tí wọ́n ti kọ́ sórí òkè wa ní ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n lè gbà sá jáde, àwòrán ọ̀nà yẹn nìkan la sì gbé lọ. Mínísítà náà fi bírò tọ ọ̀nà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wá bèèrè ibi tí ìkejì wà. Olórí ìlú wa ní, "Òun la bá wá." A rí owó ìwádìí gbà lẹ́yìn náà; ọ̀nà fúnra rẹ̀ kò tíì sí.

Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, òfin ilé tuntun jáde: ní ọ̀pọ̀ ìlú, ibi tí ilé ìdílé kan wà tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ lè gba ojúlé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ sì ti tún òfin wọn ṣe kí oṣù kẹfà ọdún 2024 tó parí. A nílò ilé lóòótọ́, inú mi sì dùn pé láti oṣù karùn-ún ọdún 2024, ní ìlú tí ènìyàn inú rẹ̀ lé ní 10,000, ilé tí ènìyàn ń gbé fúnra rẹ̀ àti ojúlé kékeré kan mìíràn lórí ilẹ̀ kan náà nìkan ló lè máa fi gbàlejò ọlọ́jọ́ díẹ̀, àyàfi níbi tí òfin bá yọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí òkè olọ́nà kan, ojúlé mẹ́rin dípò ẹyọ kan túmọ̀ sí ọkọ̀ mẹ́rin tó ń sá lẹ́ẹ̀kan náà. Òfin náà fàyè gba kí a yọ ilẹ̀ eléwu kúrò, bí onímọ̀ bá lè fi ìwé jẹ́rìí sí ewu rẹ̀, owó onímọ̀ yẹn kò sì kéré fún ìlú tó jẹ́ pé owó orí ilé ló fi ń gbọ́ bùkátà. Àṣẹ tí a ní láti béèrè òrùlé tí kò tètè gbaná, ilé tuntun ló mú. Kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí pákó ti wà lórí ilé rẹ̀ láti ogójì ọdún.

A tún ń kọ àbá tuntun lọ́wọ́, mo sì fẹ́ fi ti àwọn ayálégbé tí ilé wọn kò jó, síbẹ̀ tí wọ́n pàdánù rẹ̀, sínú ìpínrọ̀ kejì. Ẹ jọ̀wọ́, Ìyá Ìbejì, ẹ fi ọjọ́ tí wọ́n fún yín ní ìwé yẹn ránṣẹ́ sí mi, àti iye tí ẹ ń san tẹ́lẹ̀ àti iye tí ẹ ń san báyìí, nítorí pé ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi wá nìyẹn.