Ọwọ́ ta ni mo rí lẹ́yìn ike wàrà?

Mama Bọ̀lá, Ìta Ẹlẹ́wà:
Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Mo wọ súpámákẹ́ẹ̀tì kan lápá Sábó lánàá. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn fíríìjì onígíláàsì pé kí n mú wàrà, ọwọ́ èèyàn yọ láàárín àwọn ike, ó ti ọ̀kan síwájú, ó sì pòórá. Ọmọ mi figbe ta! Ṣé èèyàn ń gbé ẹ̀yìn ibẹ̀ ni?

Ìyá Ẹlẹ́ja Ẹbúté:
Ẹ̀rín pa mí o! Èmi ì bá ti ké gbọ́mọgbọ́mọ.

Bọ̀dá Agric:
Ẹ kú ìjayà, Mama Bọ̀lá. Mo ti ṣe iṣẹ́ yẹn rí. Yàrá òtútù gidi ló wà níbẹ̀, àwọn ìlẹ̀kùn gíláàsì yẹn ni ògiri rẹ̀ kan. Lẹ́yìn wọn ni pẹpẹ wà, ó rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá síwájú. Bí ẹ bá mú ìgò kan, èyí tó tẹ̀ lé e á yọ̀ wá fúnra rẹ̀. Àmọ́ ike wàrà máa ń há, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fọwọ́ tì í.

Ẹ̀yìn la ti ń kó tuntun sí i, kí oníbàárà lè kọ́kọ́ mú èyí tó ti pẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń na ọwọ́ wọ inú lọ fa ti ẹ̀yìn jáde, ọgbọ́n yín pé, ṣùgbọ́n ọ̀gá wa kì í fẹ́ rí i sójú.

Òtútù ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti fíríìjì ilé dọ́gba, àmọ́ inú rẹ̀ gan-an lèèyàn ń dúró sí. Bíi 4°C ni, tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, fáànù òkè sì ń fẹ́ sí èèyàn lọ́rùn láìsinmi. Bí mo bá fi jáde sínú ooru, awò ojú mi á funfun báláú, màá máa táràrà bí afọ́jú. Ohun tó dùn mọ́ mi níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà. Tọkọtaya á dúró síwájú yógọ́ọ̀tì, wọ́n á máa jà lórí owó oúnjẹ, wọn ò mọ̀ pé ẹnì kan ń gbọ́ lẹ́yìn ike.

Mama Bọ̀lá, Ìta Ẹlẹ́wà:
Háà! Bí wọ́n bá wá ti ilẹ̀kùn mọ́ yín ńkọ́?

Bọ̀dá Agric:
Ohun kan wà nínú tí a máa ń fọwọ́ tì síwájú, ilẹ̀kùn á ṣí bí wọ́n tiẹ̀ fi kọ́kọ́rọ́ tì í níta. Ibi tí kò bá ti ní in, mi ò ní wọ ibẹ̀. Bí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ ò tíì dáhùn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn, kí òtútù má bàa sá jáde.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ẹbúté:
Tiyín ṣì jẹ́ ìgbádùn. Ti ẹja tiwa, −18°C! Etí èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Àwọn pẹpẹ tí kò nílẹ̀kùn tí wọ́n ń to ẹ̀fọ́ sí ńkọ́, ṣé wọ́n ń wọ ẹ̀yìn ìyẹn náà?

Bọ̀dá Agric:
Rárá, ma. Ẹ̀yìn ìyẹn dí pa, iwájú ni wọ́n ti ń kó ọjà sí i.

Mama Bọ̀lá, Ìta Ẹlẹ́wà:
Bọ̀lá ní kí n bi yín: ṣé ẹ kì í mu nínú yógọ́ọ̀tì ọ̀hún?

Bọ̀dá Agric:
Kámẹ́rà wà níbẹ̀ o.