Kì í ṣe gbogbo "yam" ni iṣu

Àbúrò wa kan ń túmọ̀ ìwé ìdáná àwọn ará Amẹ́ríkà sí Yorùbá. Ibi tí wọ́n kọ "yam" sí, "iṣu" ló fi sí i. "Sweet potato" ní tirẹ̀, ó pè é ní "iṣu dídùn". Ó ní kí a wò ó bóyá ó bójú mu. Àbúrò, o kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Lọ sí Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì, kí o ní kí ìyá oníṣu fún ọ ní iṣu dídùn. Ojúlówó iṣu ni yóò ṣà fún ọ, èyí tó mọ̀ pé yóò fà dáadáa nínú odó. Kò ní ronú kan ọ̀dùnkún, tí í ṣe "sweet potato" gan-an, rárá. Lẹ́nu wa, iṣu tó dùn ni iṣu dídùn, kò kan ti ṣúgà.

"Yam" gan-an ló le jù. Ilẹ̀ Áfíríkà níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sẹ́nu àwọn Potogí kó tó di ti Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 1930 sí 1939, àwọn àgbẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà ń ta ọ̀dùnkún kan tí inú rẹ̀ pọ́n bí epo. Kí ó lè yàtọ̀ sí èyí tó funfun lọ́jà, wọ́n sọ ọ́ ní "yam". Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn débi pé ìjọba wọn ní kí ẹni tó bá kọ "yam" sára ọjà rẹ̀ kọ "sweet potato" mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò mọ èyí nígbà tó kọ́kọ́ dé ọ̀hún. Ó ra "yam", ó bó o, ó sè é, ó dà á sínú odó kékeré tó gbé láti ilé. Ó ní ọmọ odó kò tíì balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin tó fi di ẹ̀kọ pupa, adùn rẹ̀ kò sì bá ẹ̀gúsí rẹ́. Ọmọ Èkìtì tó ti ń retí uyán láti àárọ̀! Ó sunkún lọ́jọ́ náà.

Lójú tèmi, kọ "ọ̀dùnkún" fún méjèèjì. Níbi tí àwọ̀ bá ti ṣe pàtàkì, kọ "ọ̀dùnkún pupa". Ẹni tó ń pè é ní ànàmọ́, kò sí ìjà, àmọ́ àwọn kan ń fi ànàmọ́ pe pòtétò náà. Bí ó bá sì rú ọ lójú, wo àwòrán inú ìwé náà: bí ohun pupa tí wọ́n da ṣúgà lé lórí bá wà níbẹ̀, má kọ iṣu.