Géèjì 16 àti 1.5 mm: ṣé irin kan náà ni?

Ìyá Faridah (Tankẹ, Ìlọrin):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Páànù géèjì 16 ni wẹ́dà kọ fún wa láti fi ṣe géètì. Ẹni tó ń ta irin ní 1.5 mm lòun ní, pé ọ̀kan náà ni. Ẹlòmíì tún ní ká kúkú ra géèjì 18, nítorí pé 18 ju 16 lọ. Ta ni ká gbọ́ tiẹ̀? Ìgbà wo sì ni páànù ń di pléètì?

Onírin Dúdú:
Ìyá Faridah, ẹ má gba ti géèjì 18 o. Bí nọ́ńbà géèjì ṣe ń ga ni irin ń fẹ́lẹ́ sí i. Géèjì 14 jẹ́ 1.9 mm, 16 jẹ́ 1.5, 18 bọ́ sí 1.2. Ẹni tó ń ta irin kò purọ́.
Ní ti orúkọ, èyí tí kò tó 0.2 mm ni fọ́ìlì, irú èyí tí wọ́n fi ń wé ẹja yíyan. Láti ibẹ̀ dé nǹkan bíi 6 mm, páànù ni. 6 mm sókè, pléètì. Wẹ́dà lè pe 3 mm ní pléètì. Ẹ má bá a jà, ẹ ṣáà béèrè mílímítà.

Alákálípà:
Ọ̀gá, irin dúdú ni ìyẹn wà fún. Géèjì 16 ti alumíníọ́mù kò ju 1.29 mm lọ. Ti irin tí wọ́n fi síǹkì bò tó 1.61. Nọ́ńbà kan, ìnípọn mẹ́ta! Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ mílímítà sí rìsíìtì.
Tí ẹ bá ń fi kálípà wọ̀n ọ́n, ẹ kọ́kọ́ fi fáìlì ha etí tí wọ́n gé, torí etí yẹn máa ń yọ eyín, á sì dà bíi pé irin nípọn. Ọ̀dà náà ń bù kún un. Òṣùwọ̀n ni mo fọkàn tán jù: odindi páànù ẹsẹ̀ 4 sí 8 tó jẹ́ 1.5 mm yóò sún mọ́ kìló 35. Tó bá jẹ́ 28, 1.2 mm ni wọ́n gbé fún yín.

Ìyá Faridah:
Ẹ ṣeun gan-an. Tó bá jẹ́ 1.2 nìkan la rí ńkọ́?

Onírin Dúdú:
Ó ṣe é lò fún géètì kékeré, bí wọ́n bá fi irin gbè é láàárín kó má máa gbọ̀n. Ẹlẹ́kítíróòdù géèjì 12 ni kí wẹ́dà fi jó o. Iná tí géèjì 10 ń fẹ́ á lu páànù náà. (Nọ́ńbà kékeré ló nípọn níbẹ̀ náà.) Kó máa jó o díẹ̀díẹ̀, kó fo láti ìhín sí ọ̀hún. Tó bá fà á lọ gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan, ooru á mú un wọ́.