Ọjọ́ 9 ni nǹkan oṣù mi fi pẹ́: ṣé oyún ló wálẹ̀ ni?

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín o. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Ó ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ kan tí mi ò sùn dáadáa nítorí ẹ̀.

Ọjọ́ 28 gééré ni nǹkan oṣù mi máa ń dé, bó bá pẹ́ jù, ọjọ́ 29. Lóṣù yìí, ọjọ́ ẹ̀ pé, mi ò rí i. Ọjọ́ 3 kọjá, ọjọ́ 5 kọjá. Ọmú ń dùn mí díẹ̀, ó sì ń rẹ̀ mí. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò oyún wà nílé, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò jẹ́ kí n lò ó. Oṣù 14 la ti ń wá ọmọ. Mo ti rí ìlà kan ṣoṣo yẹn, tó ń sọ pé kò sí oyún, débi pé ojú mi ò fẹ́ rí i mọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ 9, inú rírun ló jí mi ní ìdájí, kì í ṣe irú èyí tí mo mọ̀. Bí mo ṣe dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ya, ẹ̀jẹ̀ dídì wà nínú ẹ̀, nǹkan kan sì tún jáde tó dà bí awọ fẹ́lẹ́, àwọ̀ eérú, kò ju orí àtàǹpàkò lọ. Mo fi tíṣù gbé e, mo jókòó tì í, mo ń wò ó títí ẹsẹ̀ mi fi kú. Lẹ́yìn náà ni mo dà á nù. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi ara mi pé kí ni mo dà nù yẹn.

Ọkọ mi ní nǹkan oṣù lásán ni. Ọjọ́ kẹta tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni mo tó ṣe àyẹ̀wò: ìlà kan. Ẹ̀jẹ̀ ti dá báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé oyún ni, àbí nǹkan oṣù tó kàn pẹ́?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí. Àárọ̀ ọjọ́ tí nǹkan oṣù mi yẹ kó dé ni mo rí ìlà 2. Ìkejì ò hàn ketekete, ṣùgbọ́n mo rí i, ọkọ mi náà rí i. Ọjọ́ 4 lẹ́yìn ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dé. Dókítà ní oyún ni lóòótọ́, pé ó bàjẹ́ kí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú tó lè rí i. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti oṣù yòókù! Ká ní mi ò ṣe àyẹ̀wò ni, mi ò bá má mọ̀ láé. Nítorí náà, mi ò lè fi bí ẹ̀jẹ̀ tìrẹ ṣe pọ̀ tó sọ fún ẹ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Àdùnní: Oyún ni o. Awọ tó o rí yẹn, òun gan-an ni. Tètè lọ lo oògùn tó ń fọ inú kó má ṣẹ́ ku síbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo oògùn kankan láti fọ inú. Bó tiẹ̀ jẹ́ oyún, nígbà tó bá kéré tó báyìí, ilé ọmọ sábà máa ń dá a jáde fúnra ẹ̀. Màmá, ẹ dá mi lóhùn: ṣé inú ṣì ń dùn yín? Ṣé ẹ lo oògùn tí wọ́n ń lò lẹ́yìn ìbálòpọ̀ kí oyún má dúró? Kí ló ṣẹlẹ̀ sí yín ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú ọjọ́ tí nǹkan oṣù yẹ kó dé?

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé, mà. Inú ò dùn mí mọ́. Mi ò lo oògùn kankan, ọmọ là ń wá. Ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú… ara mi ò yá nígbà yẹn. Ikọ́ àti ibà dá mi dùbúlẹ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Mi ò tiẹ̀ rò ó mọ́ ọn.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí: Ohun tí mo ń wá nìyẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà tí nǹkan oṣù bá pẹ́ báyìí, ẹyin ló kọ́kọ́ pẹ́. Láti ọjọ́ tí ẹyin bá jáde sí ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ máa dé, nǹkan bí ọjọ́ 12 sí 14 ni lára ọ̀pọ̀ obìnrin, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Àkókò tó ṣáájú ẹyin ló ń gùn. Àìsàn lè dá ẹyin dúró, wàhálà ọkàn náà lè ṣe é. Kó tó jáde, ara ilé ọmọ nínú lọ́hùn-ún lè máa nípọn sí i, tó bá wá máa wó, ẹ̀jẹ̀ á pọ̀, inú á run. Nígbà míì ó máa ń bọ́ lódindi bí awọ láìsí oyún kankan níbẹ̀. Nítorí náà, awọ yẹn nìkan kì í ṣe ẹ̀rí.

Ti àyẹ̀wò yín: họ́mọ̀nù oyún, ìyẹn ohun tí àyẹ̀wò yẹn ń wá nínú ìtọ̀, kì í pòórá lọ́jọ́ kan. Ká ní oyún ń dàgbà títí nǹkan oṣù fi pẹ́ ọjọ́ 9, mo rò pé ìlà kejì á ṣì hàn lọ́jọ́ kẹta. Ìyẹn ló ń fà mí sọ́dọ̀ ẹyin tó pẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè búra. Oyún kékeré tó ti ń kú kí ẹ̀jẹ̀ tó dé, họ́mọ̀nù ẹ̀ lè ti lọ sílẹ̀. Ẹ tún àyẹ̀wò ṣe ní ọ̀sẹ̀ kan sí i.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá padà, tí páàdì ń kún fọ́fọ́ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan fún wákàtí 2, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ ikùn kan ń dùn yín, tí orí èjìká ń dùn yín, tí òòyì ń kọ́ yín, tí ibà dé, tí omi tó ń rùn ń jáde, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́. Oyún lè gbé sínú ọ̀nà tí ẹyin ń gbà, ó sì lè pa èèyàn.

Oṣù 14 tí ẹ sọ ló ká mi lára jù. Bí obìnrin ò bá tíì pé ọdún 35, oṣù 12 la máa ń ní kí tọkọtaya dúró kí wọ́n tó wá rí dókítà; bó bá ti pé 35, oṣù 6. Ẹ ti kọjá ẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì ni kẹ́ ẹ jọ lọ o, wọ́n máa yẹ àtọ̀ ọkọ yín náà wò.

Àdùnní: Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Àbúrò, má bínú, mi ò mọ̀.

Ìyá Ìbejì: Tó bá tiẹ̀ wá jẹ́ oyún, kì í ṣe pé o gbé ẹrù wúwo, kì í ṣe pé o bínú jù. Ohun tí dókítà sọ fún mi ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú oyún tó ń bàjẹ́ ní kùtùkùtù, láti ìgbà tí ẹyin ti pàdé àtọ̀ ni kò ti tò dáadáa. Tó bá ń ṣe ẹ́ bíi kó o sunkún, sun ún. Èmi sunkún ìlà tí kò hàn ketekete.

Ẹni tó béèrè: Mo padà wá, ẹ̀yin ìyá mi. Mo tún àyẹ̀wò ṣe láàárọ̀ òní, ìlà kan ni. Lálẹ́ àná ni mo sọ ti awọ yẹn fún ọkọ mi tán pátápátá, àti bí mo ṣe jókòó tì í. Kò tún sọ pé nǹkan oṣù lásán ni mọ́. Ó ní kí n mú ọjọ́ tí dókítà máa rí wa, pé òun náà ń bọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fún wa.