Fífi fọ́múlà Excel hàn nínú sẹ́ẹ̀lì tí a bá yàn nìkan: báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Akápò Lágéré
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ìwé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní Ifẹ̀ àti Iléṣà. Ọmọ ẹgbẹ́ tó yá owó fẹ́ rí bí a ṣe ṣírò èlé rẹ̀, kì í ṣe iye tó jáde nìkan. Ctrl pẹ̀lú bọ́tìnnì ` tó wà lábẹ́ Esc ń sọ gbogbo ṣíìtì di fọ́múlà: kọ́lọ́ọ̀mù á fẹ̀, iye owó á pòórá. Kọ́lọ́ọ̀mù èlé nìkan la fẹ́. Kí lẹ̀yin ń lò?

Ọmọ Òṣómàáló
FORMULATEXT.

Akọ̀wé Àtàkúnmọ́sà
Ẹ jẹ́ kí n là á fún ẹni tí kò lò ó rí. Ká ní owó tí ẹnìkan yá, 200000, wà ní B5, èlé oṣooṣù 2% wà ní C5, oṣù 10 wà ní D5. E5 ni =B5*C5*D5, ó sì ń fi 40000 hàn. Ní F5, ẹ kọ =FORMULATEXT(E5). Ohun tí F5 máa gbé síta ni =B5*C5*D5 gan-an, E5 á sì máa ṣírò lọ. Ẹ fa F5 wálẹ̀ dé ìlà tó kẹ́yìn.

Bí ẹ bá fẹ́ kí méjèèjì wà lójú kan: =TEXT(E5,"#,##0")&" láti inú "&FORMULATEXT(E5). Ẹ má fi èyí rọ́pò E5 o. Ọ̀rọ̀ ló dà, SUM (fọ́múlà àròpọ̀) kò ní kà á mọ́ owó.

Ẹ̀gbọ́n Sábó
Ìyẹn ti gùn jù. Ẹ fi apostrophe ' síwájú =, fọ́múlà á jókòó bí ọ̀rọ̀. Ó parí.

Ọmọ Òṣómàáló
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn kì í mira. Bí wọ́n bá fi ìlà tuntun kún un lókè, fọ́múlà E á di =B6*C6*D6 fúnra rẹ̀, èyí tí ẹ fi ' kọ á ṣì máa pe B5. Ẹni tó bá gbé kalikulétọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò á ní irọ́ ni ìwé ẹgbẹ́ ń pa.

Ẹ̀gbọ́n Sábó
Mo gbà bẹ́ẹ̀ fún ìwé tó ń lọ lọ́wọ́. Fún ohun tí a fẹ́ fi kọ́ ọmọ iléèwé, ' tó. Bí sẹ́ẹ̀lì bá pọ̀, ẹ yàn wọ́n, ẹ tẹ Ctrl+H (Find and Replace), kí ẹ fi #= rọ́pò =. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ kó padà ṣírò, ẹ fi = rọ́pò #=. Ẹ má lo '= níbẹ̀, torí Find kì í rí apostrophe iwájú yẹn mọ́.

Ọmọ Òṣómàáló
Ẹ̀gbọ́n ti gbà o! Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀!

Ìyá Àjọ Mọ́ọ̀rè
#NAME? ló ń jáde níhìn-ín.

Akọ̀wé Àtàkúnmọ́sà
Excel 2007 tàbí 2010 nìyẹn, mà. Excel 2013 ni FORMULATEXT bá dé. Ẹ tẹ Alt+F11, ẹ yan Insert, lẹ́yìn náà Module, kí ẹ kọ ìlà mẹ́ta yìí:

Function FiHan(c As Range) As String
FiHan = c.Formula
End Function

Ẹ padà sí ṣíìtì, ẹ kọ =FiHan(E5). Ẹ tọ́jú fáìlì náà ní .xlsm. Bó bá jẹ́ .xlsx, màkírò (kóòdù ìlà mẹ́ta yẹn) á dànù. Kò sì ní ṣiṣẹ́ lórí fóònù. Ẹni tó bá ní LibreOffice, =FORMULA(E5) ni tiẹ̀.

Ọmọ Oòdáyé
#N/A ńkọ́? Ìlà bíi mélòó kan ló ń gbé e jáde. Ṣé kí a fi IFERROR (tó ń fi ohun mìíràn rọ́pò àṣìṣe) bò ó?

Akọ̀wé Àtàkúnmọ́sà
Rárá o! Ẹ má bò ó. #N/A ń sọ pé kò sí fọ́múlà nínú sẹ́ẹ̀lì yẹn, ẹnìkan ti fi ọwọ́ tẹ iye lé e lórí. Ẹ lo =IF(ISFORMULA(E5),FORMULATEXT(E5),"A FỌWỌ́ TẸ̀ Ẹ́").

Akápò Lágéré
Háà. Èyí ṣe pàtàkì ju ohun tí mo béèrè lọ.

Ìyá Àjọ Mọ́ọ̀rè
Ibẹ̀ gan-an ni ìjà ẹgbẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí owó B5 bá yí padà, èlé tí a fọwọ́ tẹ̀ kò ní yí. Àkáǹtì kò ní bára mu mọ́, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ ibi tó ti wọ́.

Ọmọ Oòdáyé
Ẹ tún lè fi àwọ̀ pupa kùn wọ́n. Ẹ yan E5 dé ìsàlẹ̀, Conditional Formatting, New Rule, kí ẹ fi =NOT(ISFORMULA(E5)) síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Sábó
Ohun tó dára jù ni kí a fi Hidden (inú Format Cells, Protection) bo fọ́múlà, kí ẹnikẹ́ni má lè bà á jẹ́.

Ọmọ Òṣómàáló
Locked ló ń dáàbò bò ó, Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe Hidden. Bí ẹ bá fi Hidden sí i tí ẹ sì ṣe Protect Sheet, FORMULATEXT náà á di #N/A. Ẹ yọ Hidden, ẹ fi Locked sílẹ̀. Owó ẹgbẹ́ ni, ẹni tó yá a lẹ́tọ̀ọ́ láti rí i.

Ẹ̀gbọ́n Sábó
Kì í ṣe gbogbo ohun tí akápò mọ̀ ló yẹ kó wà lójú ọjà.

Ìyá Àjọ Mọ́ọ̀rè
Èlé orí owó mi kì í ṣe àṣírí fún mi o, Ẹ̀gbọ́n.

Akápò Lágéré
Ó yé mi. Bí mo bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún ìpàdé ńkọ́?

Akọ̀wé Àtàkúnmọ́sà
Page Layout, ẹ wo Headings, ẹ máàkì Print lábẹ́ rẹ̀, kí lẹ́tà kọ́lọ́ọ̀mù àti nọ́ńbà ìlà lè jáde. Láìsí ìyẹn, ẹni tó mú bébà lọ́wọ́ kò ní mọ ibi tí B5 wà. Ẹ fi Orientation sí Landscape, Width sí 1 page.